Àwòrán Tó Lẹ̀ Mọ́ Gíláàsì

Ọdún kẹtàlélọ́gbọ̀n nìyẹn tí Eleuterio Magsino ti ń gé awọ ní ilé iṣẹ́ bàtà kan nílùú Marikina. Teryo ni gbogbo ayé ń pè é. Kì í ṣe ẹni tó ń sọ̀rọ̀ púpọ̀. Bó bá ti dúró nídìí tábìlì rẹ̀, ọ̀bẹ á wà lọ́wọ́ ọ̀tún, á máa fi ọwọ́ òsì pa awọ náà kiri, á máa wá ibi tí àpá wà, ibi tí kòkòrò ti bu màlúù náà jẹ nígbà tó wà láàyè, kó má bàa gé irú ibẹ̀ sójú bàtà. Ọ̀gá rẹ̀ máa ń sọ pé ojú Teryo ń rí ohun tí awọ fẹ́ fi pamọ́.

Ojú yìí náà ló kó o sínú ọ̀rọ̀ kámẹ́rà. Lilet, ọmọ rẹ̀ obìnrin tó ń ṣe nọ́ọ̀sì ní Dubai, ló fi kámẹ́rà àlòkù kan ránṣẹ́ sí i lọ́dún tí Teryo pé ẹni àádọ́ta ọdún. Atang ìyàwó rẹ̀ rò pé inú páálí ni kámẹ́rà náà yóò wà títí. Àmọ́ kò ju oṣù méjì lọ tí Teryo fi bẹ̀rẹ̀ sí í jí ní kùtùkùtù kó tó lọ síbi iṣẹ́, á gba etí odò lọ, á lúgọ sẹ́yìn koríko, á máa dúró de àwọn lékeléke àti ẹyẹ kékeré aláwọ̀ aró kan tó máa ń já sódò gbé ẹja. Ẹyẹ yìí á dé, á jókòó sórí igi gbígbẹ, ọkàn Teryo á sì máa lù kìkìkì bíi tọ́mọ tó fẹ́ jí ẹran jẹ.

Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé lẹ́ǹsì tó bá kámẹ́rà náà wá kò lè fa ohun tó jìnnà sún mọ́ni. Ẹyẹ tó wà lódìkejì odò kì í ju hóró ìrẹsì lọ nínú àwòrán. Atang á tẹ ojú mọ́ ẹ̀yìn kámẹ́rà títí.

"Èwo lẹyẹ níbẹ̀? Ìdọ̀tí yìí ni àbí ìdọ̀tí tọ̀hún?"

"Tọ̀hún ni."

"Ó rẹwà o."

Bí Teryo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wá lẹ́ǹsì gígùn nìyẹn. Òpópónà Hidalgo ní àdúgbò Quiapo ló lọ, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, níbi tí àwọn tó fẹ́ràn àwòrán tí owó wọn ò pọ̀ ti máa ń ra nǹkan. Ojú kan náà tó ń rí àpá lára awọ, kò tíì mọ ohun tí à ń wò lára lẹ́ǹsì. Ọkùnrin kan tó tẹ́ ọjà sẹ́bàá ọ̀nà ta ọ̀kan fún un ní ẹ̀dínwó. Ìta rẹ̀ ń dán bí ìṣasùn tuntun. Nígbà tó délé, gbogbo àwòrán tó yà dà bí ìgbà tí èèyàn ń wo ayé láti inú ooru omi gbígbóná.

Ó gbé e padà lọ, ọkùnrin náà ti kó lọ. Ṣọ́ọ̀bù kan wà níbẹ̀, tóóró bí ọ̀nà àárín ilé méjì, ó sì wọlé síbẹ̀ láti béèrè. Obìnrin kan tí irun rẹ̀ ti funfun ló wà nídìí káńtà. Bining lorúkọ rẹ̀. Ate ni gbogbo àdúgbò ń pè é, bí ẹni ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Ó gba lẹ́ǹsì náà, ó tan tọ́ọ̀ṣì kékeré sí ẹ̀yìn rẹ̀, ó wò ó láti iwájú, ó kọ haà.

"Ta ló ta eléyìí fún ẹ?"

"Ọkùnrin kan lẹ́bàá ọ̀nà ni, Ate."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. O ò ra lẹ́ǹsì, oko lo rà. Wá wo irúgbìn tó hù nínú ẹ̀."

Teryo wò ó. Ebu ti bo gíláàsì inú, ó ta okùn funfun tín-ín-rín kiri bíi ti aláǹtakùn. Ọ̀rinrin ilẹ̀ wọn ló ń fa irú rẹ̀. Lẹ́ǹsì tí wọ́n bá jù sínú àpótí láìbojú wẹ̀yìn kì í pẹ́ bu. Ate Bining mú lẹ́ǹsì mìíràn, ó ní kó máa wo òun. Ó fi hàn án bí wọ́n ṣe ń tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀yìn àti láti iwájú. Bí wọ́n ṣe ń wo abẹ irin pẹlẹbẹ tó ń ṣí tó ń padé nínú rẹ̀ bóyá òróró ti dà sí i. Bí wọ́n ṣe ń yí òrùka ara rẹ̀, tí wọ́n á máa fi ọwọ́ gbọ́ bóyá ó ń há.

"Ìta ẹ̀ lè họ, kò sóhun tó ṣe. Inú ni kó o máa yẹ̀ wò. Kí lo ń ṣe jẹun gan-an?"

"Awọ bàtà ni mò ń gé, ní Marikina."

"Háà, o mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ nǹkan wò, o kàn ṣojúkòkòrò ni."

Ó béèrè ibi tó ń kó kámẹ́rà rẹ̀ sí. Teryo ní inú ike ìrẹsì tó ní ìdérí líle ni, òun sì máa ń da àwọn àpò kéékèèké tó ń fa omi mu sí i, èyí tí wọ́n máa ń fi sínú páálí bàtà tuntun. Ó ní wọ́n kún ilé iṣẹ́ àwọn bí iyanrìn. Ate Bining rẹ́rìn-ín títí ó fi di káńtà mú.

"Èmi ń fowó ra nǹkan yẹn! Tó o bá tún ń bọ̀, bá mi kó díẹ̀ wá."

Láti ìgbà náà ni Teryo kì í ti í lọ Quiapo lọ́wọ́ òfo. Á kó àpò kéékèèké lọ, òun àti Ate Bining á jọ jókòó, á sì máa kọ́ ohun tí kò yẹ kó rà. Obìnrin yìí ni oníṣòwò kan ṣoṣo tó mọ̀ tó máa ń lé oníbàárà kúrò nídìí ọjà. Nígbà tí Teryo fẹ́ ra àpò kámẹ́rà, obìnrin náà ní, "O ń gé awọ, o wá fẹ́ ra àpò. Ojú ò tì ẹ́?" Teryo lọ rán an fúnra rẹ̀ látinú àgékù awọ.

Níkẹyìn, ó rí lẹ́ǹsì gígùn kan tó wọ̀ ọ́ lọ́kàn, ògbólógbòó tí inú rẹ̀ mọ́ kedere. Ate Bining fi bébà dì í, ó kọ orúkọ Teryo sí i lára, ó ní òun á gbé e pamọ́ dè é di Kérésì. Ọdún méjì ni Teryo ti ń fi ọjọ́ Sátidé tún bàtà àwọn aládùúgbò ṣe nítorí rẹ̀.

Oṣù kọkànlá ni ìjì dé. Òjò rọ̀ látàárọ̀ ọjọ́ kan di ọ̀sán ọjọ́ kejì, odò Marikina sì gun òkè wá sáàárín ilé. Nígbà tí omi dé orúnkún, Atang kó ìwé ilé àti oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ sínú ọ̀rá. Nígbà tó dé àyà, wọ́n gba ojú fèrèsé jáde lọ sí òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé kejì, Teryo ru ike ìrẹsì lé orí, ó fi ọwọ́ kan di ìyàwó rẹ̀ mú.

"Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń sùn tì ẹ́," ni Atang wí nígbà tí wọ́n jókòó sórí ilẹ̀ tútù láàárín àwọn èèyàn, "ike lo wá gbé sórí."

"Ìwọ lè rìn."

Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé gbogbo wọn ló ń gbọ̀n.

Nígbà tí omi fà, ẹrẹ̀ ló kù. Bẹ́ẹ̀dì, àga, ìwé ọmọ ilé ìwé, gbogbo rẹ̀ di àwọ̀ kan ṣoṣo lẹ́bàá ọ̀nà. Teryo rí obìnrin kan tó jókòó sórí òkúta, tó ń ṣí férémù àwòrán. Ó fi èékánná gbá àwòrán náà mú, ó fà á, ojú gbogbo àwọn tó wà nínú rẹ̀ sì ṣẹ́ kù sára gíláàsì, ó ya pẹ́rẹpẹ̀rẹ bí awọ tí wọ́n sá sóòrùn ju bó ṣe yẹ lọ.  Obìnrin náà mú bébà funfun tó kù lọ́wọ́, ó ń yí i síwá, ó ń yí i sẹ́yìn.

Ọjọ́ kejì ni Lola Charing wọlé tọ̀ wọ́n wá. Lola ni wọ́n ń pe ìyá àgbà, ìyá àgbà gbogbo òpópónà náà sì ni, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, ó ń dá gbé ilé kẹta sí tiwọn. Férémù wà lábẹ́ apá rẹ̀, ọ̀bẹ ìdáná sì wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Wọ́n ní ìwọ lo mọ̀ nípa àwòrán. Mo fẹ́ kó o bá mi yọ ọ́, ọwọ́ mi ń gbọ̀n."

"Lola, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kọ́kọ́ gbé ọ̀bẹ yẹn fún mi ná."

Amado ọkọ rẹ̀ ló wà nínú àwòrán náà, níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, lọ́jọ́ tí wọ́n ṣèrìbọmi fún àkọ́bí wọn. Ogójì ọdún rèé tí Amado ti kú. Kò sí àwòrán rẹ̀ mìíràn. Omi ti wọ àárín gíláàsì àti bébà, ó ti gbẹ, ó ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀ bí ẹní fi gọ́ọ̀mù lẹ àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà. Teryo sọ fún un pé kò ṣeé yọ mọ́. Ó ní ohun kan tí àwọn lè ṣe ni kí òun yà á bó ṣe wà lábẹ́ gíláàsì yẹn.

Ó gbé kámẹ́rà jáde, ó gbìyànjú. Bó bá sún mọ́ ọn, lẹ́ǹsì kọ̀, gbogbo rẹ̀ á ṣú. Bó bá sún sẹ́yìn, ojú Amado á kéré bí orí ìṣó. Gíláàsì náà sì ń dán, ó ń dá ojú ọ̀run padà, ó ń dá Teryo fúnra rẹ̀ padà. Lẹ́yìn bíi wákàtí kan, ó fi èyí tó sàn jù han ìyá náà.

"Ta lọkùnrin tó dúró sí ojú ọkọ mi yìí?"

"Èmi ni, Lola."

Lola Charing wò ó títí. "O ṣeun, ọmọ mi. Ó ti ṣe díẹ̀ tí ẹnì kan ti bá Amado dúró." Ó gbé férémù rẹ̀ sábẹ́ apá, ó lọ.

Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lára Teryo. Ní ọ̀sẹ̀ náà, awọ méjì ló gé bà jẹ́, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ sí i rí láti ìgbà tó ti kúrò ní ọmọṣẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, ó sọ fún Atang pé òun fẹ́ lọ sí Quiapo lọ́la.

"Lẹ́ǹsì ẹyẹ?"

Teryo mi orí lọ́nà tí kò jọ bẹ́ẹ̀ ni, tí kò sì jọ rárá. Lilet ti fi owó bẹ́ẹ̀dì àti sítóòfù ránṣẹ́, Atang kò sì bá a jiyàn. "Òógùn ẹ ni. Lọ."

Ate Bining ti rí i lókèèrè, kó tó wọlé ó ti gbé ẹrù tí wọ́n fi bébà dì sórí káńtà. "Mo rò pé omi ti gbé ẹ lọ ni. Dúró sẹ́nu ọ̀nà, kó o dán an wò."

Teryo dè é mọ́ kámẹ́rà, ó kọjú rẹ̀ sókè ṣọ́ọ̀ṣì níbi tí àwọn ẹyẹlé tò sí. Ó rí ojú ẹyẹlé kan, ó rí òrùka pupa tó yí ojú náà ká, ó rí eruku lórí imú rẹ̀. Ọdún méjì ló ti ń dúró de ohun tó rí yẹn. Ó pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó padà wọlé, ó gbé e kalẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Ate, tí mo bá fẹ́ ya nǹkan tó wà nínú férémù, tí gíláàsì ẹ̀ ò sì ṣeé yọ, lẹ́ǹsì wo ni màá lò?"

"Ìbéèrè wo nìyẹn? Ẹyẹ ti wọ férémù?"

Ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún un.  Ate Bining bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fa dúrọ́ọ̀ ìsàlẹ̀, ó mú lẹ́ǹsì kúkúrú dúdú kan jáde tí ọ̀dà ara rẹ̀ ti họ tí irin ti hàn.

"Eléyìí dàgbà ju ọmọ ẹ lọ. Kámẹ́rà ẹ ò ní lè darí ẹ̀ o, ọwọ́ ẹ lo máa fi yí i títí nǹkan á fi hàn kedere. Àmọ́ tó o bá fẹ́ ka irun ẹsẹ̀ eèrà, á jẹ́ kó o kà á. Mo ní òrùka tó máa so ó mọ́ tìẹ."

Teryo kò gbà á gbọ́ ṣáá. Ó yọ tọ́ọ̀ṣì tirẹ̀ lápò, ó wò ó níwájú, ó wò ó lẹ́yìn. Eruku kan ṣoṣo ló rí. Ó yí òrùka rẹ̀, ó ń lọ díẹ̀díẹ̀ láìhá, bí ìgbà tí èèyàn ń ro oyin. Ate Bining ń wò ó, ó ń rẹ́rìn-ín abẹ́nú.

"Gíláàsì yẹn ń dán," ni Teryo wí. "Ara mi ni mò ń rí nínú ẹ̀."

Obìnrin náà mú awò pẹlẹbẹ kan tó ṣú díẹ̀, irú èyí tí wọ́n ń dè síwájú lẹ́ǹsì. Ó gbé e sójú Teryo, ó ní kó wo gíláàsì káńtà gba inú rẹ̀, ó sì ń yí i díẹ̀díẹ̀. Dídán tó wà lójú káńtà náà rọra kú. Teryo rí gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ti yọ gíláàsì kúrò. Tuntun wà, àlòkù tí etí rẹ̀ ti họ sì wà. Àlòkù ló mú. Ó béèrè iná olóbìírípo tó rí lára ògiri, èyí tó máa ń yí lẹ́ǹsì ká.

"Fi í sílẹ̀. Iná tó o bá kọjú sí gíláàsì, gíláàsì á dá a padà fún ẹ ni. Wá ibi òjìji, jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ wọlé, kó o fi aṣọ dúdú bo ara ẹ àti kámẹ́rà. Aṣọ dúdú ò wọ́n yín ní Marikina, àbí?"

"Èyí tá a fi ń tẹ́ inú bàtà wà."

"Ohun tó kù ni ìdúró." Ó nawọ́ sí méjì nínú ohun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé. Ọ̀kan fúyẹ́, ó rẹwà. Èkejì jẹ́ irin, ó wúwo bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Teryo fọwọ́ kan èyí tó fúyẹ́, ó gbọ̀n rìrì. "Àwọn tó ń rìnrìn àjò ló ni ìyẹn. Ṣé férémù ń rìn ni? Gbé èyí tó wúwo."

Wọ́n dúnàádúrà díẹ̀, kí ọjà má bàa dà bí ìtọrẹ. Lẹ́yìn náà àwọn méjèèjì wo lẹ́ǹsì gígùn tó wà láàárín wọn.

"Mi ò lè gbé e pamọ́ mọ́, Teryo. Èmi náà ń jẹun."

"Mo mọ̀, Ate."

Teryo fi etí ẹ̀wù rẹ̀ nu ibi tí ìka rẹ̀ ti kan lẹ́ǹsì náà, ó tì í padà sọ́dọ̀ obìnrin náà.

Èèyàn lè rò pé inú rẹ̀ dùn nínú ọkọ̀ ojú irin bó ṣe ń padà lọ. Kò dùn. Ó gbé irin wúwo náà lé itan, ó ń bi ara rẹ̀ pé ta ló rán òun níṣẹ́. Lola Charing kò bẹ òun. Bó bá jẹ́ pé òun ra lẹ́ǹsì ẹyẹ, kò sẹ́ni tó máa bá òun wí. Ọ̀rọ̀ náà ń lọ tó ń bọ̀ nínú rẹ̀ títí ó fi délé.

Atang tú àpò náà. "Ibo ni gígùn ẹ̀ wà?"

Teryo sọ ohun tó ṣe. Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, ó ń fi ẹsẹ̀ ha ẹrẹ̀ gbígbẹ tó kù lórí ilẹ̀.

"Ó yẹ kó o ti sọ fún mi kó o tó lọ."

"Mo rò pé o máa ní owó ẹyẹ la fi ń gbọ́ tẹni ẹlẹ́ni."

"Mi ò ní sọ bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ò ju kó o sọ ọ́ lọ. Awọ nìkan lò ń bá sọ̀rọ̀."

Lọ́jọ́ Àìkú, wọ́n gbé férémù náà kalẹ̀ lẹ́yìnkùlé, lábẹ́ páànù. Teryo de kámẹ́rà mọ́ irin, ó dojú rẹ̀ kọ ilẹ̀. Ó lu ihò sáàárín aṣọ dúdú kí lẹ́ǹsì lè yọjú, Atang sì di etí aṣọ náà mú. Lola Charing jókòó sórí àga oníke, ó ń fún wọn ní ìmọ̀ràn tí wọn ò béèrè. Teryo yí awò pẹlẹbẹ náà títí dídán fi kú. Ó yí òrùka lẹ́ǹsì, ó yí i kọjá, ó dá a padà. Ó ṣètò kí kámẹ́rà fúnra rẹ̀ ka èjì kó tó yà, kí ọwọ́ òun má bàa mì ín. Ogún ló yà kí ọ̀kan tó wọ̀ ọ́ lójú. Nínú ọ̀kan yẹn, ó rí okùn ẹ̀wù ìrìbọmi ọmọ náà, ó rí bọ́tìnnì tó já lọ́rùn ẹ̀wù Amado, ó rí iwájú orí rẹ̀ tó ká jọ.

Ó lọ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà, ó gbé e lọ bá ìyá náà. Ó ti múra sílẹ̀ de ẹkún. Lola Charing wọ awò ojú rẹ̀, ó wò ó, ó sì bú sẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀wù yẹn kì í ṣe tiẹ̀! Ti àbúrò mi ni. Ó há a lọ́rùn, ló bá ń bínú láti àárọ̀. Wò ó bó ṣe fajú ro!" Ó fi ìka tọ́ iwájú orí ọkùnrin náà. "Mo ti gbàgbé pé ó ń bínú lọ́jọ́ náà. Àwòrán tẹ́lẹ̀ yẹn ti ṣú, mo wá sọ ọ́ di ẹni jẹ́jẹ́ nínú orí mi. Amado ò ṣe ẹni jẹ́jẹ́ rí o, Teryo. Ó máa ń pariwo mọ́ ìrẹsì pé kò tètè jinná."

Ó gbé àwòrán náà ti ara ògiri, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a jà nípa ohun kan tó ṣẹlẹ̀ lógójì ọdún sẹ́yìn. Teryo dágbére, bóyá ìyá náà gbọ́, bóyá kò gbọ́.

Láti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni àwọn èèyàn ti ń kó férémù wá lọ́jọọjọ́ Àìkú. Àwọn kan mú ẹyin wá, àwọn kan mú ẹja gbígbẹ, ẹnì kan mú ìrẹsì olóyin tí wọ́n fi ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ dì. Èyí tí kò bá tíì lẹ̀, Atang á fi omi tó mọ́ ṣan án, á fi ìdè aṣọ há a sórí okùn. Aládùúgbò kan ní kí Teryo kọ pátákó sẹ́nu ọ̀nà, kó máa gba owó. "Mo ti níṣẹ́," ni Teryo dáhùn. Lóṣù kìn-ín-ní, Ate Bining kọ ọ̀rọ̀ sí i lórí fóònù pé olùkọ́ kan láti Cavite ti ra lẹ́ǹsì gígùn. Ó kà á nígbà tó ń jẹun ọ̀sán, ó dáhùn pé ó dáa, kò sì jẹ oúnjẹ náà tán.

Ruperto ló wá gbẹ̀yìn, oníkẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé èrò láti ọjà. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó tijú láti wọlé. Àwòrán ìyàwó rẹ̀ tó kú lọ́dún méje sẹ́yìn ló mú wá. Teryo gbà á, ó wò ó. Omi ti ṣan gbogbo àwọ̀ rẹ̀ lọ. Bébà funfun ni.

"Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́, Ruperto."

"Mo mọ̀. Bá mi yà á bẹ́ẹ̀."

 Teryo gbé irin kalẹ̀, ó bo aṣọ dúdú, ó yí òrùka náà bó ṣe ń yí i fún àwọn yòókù, kò dín in kù rárá. Nígbà tí ojú bébà náà mọ́lẹ̀ kedere nínú lẹ́ǹsì, ó rí ohun kan ní igun ìsàlẹ̀, tí kò ju èékánná lọ. Ó sún kúrò nídìí kámẹ́rà.

"Wá wò ó."

Ruperto bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìdí kámẹ́rà. Okùn sílípáàsì aláwọ̀ ewé ló wà níbẹ̀, àti ọmọ ìka ẹsẹ̀ méjì. Ó pẹ́ níbẹ̀ débi pé Atang wọlé lọ gbé omi wá.

"Ẹsẹ̀ ẹ̀ nìyẹn," ni Ruperto wí. "Àtàǹpàkò nìkan ló kùn ní pupa. Ó ní ọ̀dà èékánná ò tó."

Ó ní kí wọ́n bá òun tẹ̀ ẹ́ ní ńlá, funfun rẹ̀ àti ohun gbogbo, kí wọ́n má gé nǹkan kan kúrò. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, níbi tí èrò máa ń jókòó kọjú sí. Teryo wọ kẹ̀kẹ́ náà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, òun àti obìnrin kan tó gbé àpò ẹ̀fọ́ dání. Obìnrin náà wo bébà funfun yẹn títí, kò lè mú un mọ́ra.

"Ọ̀gbẹ́ni, kí nìyí?"

"Ìyàwó mi ni," Ruperto dáhùn, ó sì yà sí ọ̀nà odò.